Nọ́ọ̀sì Tó Wọ Kákí

Obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ́físà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì ni. Josephine Tolefe lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1961 ló wọlé, nígbà tí òmìnira wa kò tíì pé ọdún méjì, tí àwọn òyìnbó ṣì pọ̀ nípò àṣẹ nínú iṣẹ́ ológun. Kò ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́fútẹ́náǹtì ni wọ́n fi í ṣe, nítorí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó kọ́ yanjú ló gbé wá. Kápútéènì ló jẹ́ nígbà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967.

Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣíwájú nítorí bí àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì wa ṣe ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ológun lónìí. Ẹ dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, London, Canada àti Texas lẹ máa gbọ́. Bí ẹnì kan bá dárúkọ ológun, ìyá á ní ọmọ òun ò ní lọ kú sí Máídúgùrì. Ọ̀rẹ́ á ní owó sójà máa ń wọlé lásìkò, ilé sì wà ní báráàkì. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Nọ́ọ̀sì tó wọ kákí ń gbé àṣẹ méjì. Ọ̀kan wà léjìká rẹ̀, iléeṣẹ́ ológun ló fi síbẹ̀. Èkejì wà nínú fáìlì rẹ̀, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ló fún un. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ronú ọ̀nà yìí gbà gbọ́ pẹ̀lú mi, ni pé èkejì yìí ló gbọ́dọ̀ máa ṣáájú. Òun ló yẹ kó pinnu ẹnu ọ̀nà tí èèyàn máa gbà wọlé, òun náà ló sì yẹ kó máa darí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àgàgà lọ́jọ́ tí àṣẹ èjìká bá ń sọ nǹkan mìíràn.

Ká tó débẹ̀, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ọmọ ọdún 16 ni. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka ìtọ́jú, ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní 29th Casualty Clearing Station, lábẹ́ 81st West African Division. Iṣẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni láti gba ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n wẹ ojú ọgbẹ́, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì mú un dúró títí ọ̀nà á fi là dé ọsibítù ńlá. Wọ́n kó wọn lọ sí Burma. Lóṣù kẹta ọdún 1944, létí odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Japan ṣíná ìbọn fún wọn láìròtẹ́lẹ̀. Ọta fọ́ ẹsẹ̀ Fadoyebo, ó sì bà á níkùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yí i ká kú síbẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́ kù sínú igbó náà, àwọn méjèèjì sì ti fara gbọgbẹ́. Ẹni tó wá láti di ọgbẹ́ fún ẹlòmíràn wá dùbúlẹ̀, kò rí ẹni tí yóò di tirẹ̀.

Ará abúlé kan, Mùsùlùmí tó ń jẹ́ Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ fún wọn, òun ló fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ogun Japan lójú. Bí wọ́n bá ká wọn mọ́ ọn lọ́wọ́, òun àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ ló máa fi orí fá a. Ìparí ọdún yẹn ni àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà débẹ̀. Fadoyebo délé, ó ń tiro, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì dàgbà dàgbà kó tó kú ní 2012. Akọ̀ròyìn Barnaby Phillips kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2014. À ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà báráàkì Letmauk ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, à ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Arakan ní Àpápá, à ń dárúkọ Dodan n'Íkòyí. Orúkọ ibi tí irú wọn ti jà ní Burma ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó yìnbọn là ń rántí bí a bá tiẹ̀ rántí. Àwọn tó gbé àpótí oògùn ti di ẹni ìgbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ni baba ńlá iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí.

Ogún tí ogun yẹn fi sílẹ̀ fún wa kò kéré. Ọsibítù Ìgbóbì l'Ékòó, tí gbogbo ẹni tó bá ṣẹ́ egungun ń sá lọ, ibi ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa nínú ogun náà ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ọsibítù egungun ní 1945. Lónìí, nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìtọ́jú egungun ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Sójà ló la ọ̀nà náà, aráàlú sì ń rìn ín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Nínú báráàkì, ọ́físà lọ́tọ̀, sójà lọ́tọ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń jẹun yàtọ̀, ìdánwò ìgbéga wọn yàtọ̀, owó oṣù wọn náà ò sì sún mọ́ra. Nọ́ọ̀sì wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn méjì lè kọ́ṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ kan náà, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ lẹ́fútẹ́náǹtì, kí èkejì jẹ́ kọ́púrà tó gbọ́dọ̀ na ara le kó sì kí i kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó fà á kò ju ẹnu ọ̀nà tí kálukú gbà lọ.

Ọ̀nà ọ́físà fún ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ tán ni wọ́n ń pè ní Direct Short Service Commission, DSSC lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìwé oyè yunifásítì, ìyẹn BNSc, ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú ìwé àṣẹ Ìgbìmọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán tàbí pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n ń wọn gíga èèyàn: mítà 1.68 fún ọkùnrin, 1.65 fún obìnrin, nínú iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀. Wọ́n ń wo ojú, eyín, àyà, ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì ní kí èèyàn sáré. Ẹni tó bá yege á lọ sí Kàdúná, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, NDA, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń tò, bí a ṣe ń tú ìbọn palẹ̀ tí a sì ń tò ó padà, bí a ṣe ń ka máàpù àti ohun tí òfin ológun sọ. Ọmọ ogun ojú omi àti ti òfurufú náà ní irú ètò yìí tiwọn. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, ọdún tó níye ni àdéhùn náà. Ẹni tó bá fẹ́ dúró títí di ìfẹ̀yìntì á béèrè pé kí wọ́n yí tòun padà sí ti ayérayé, wọ́n á sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ọ̀nà kejì gba Zaria kọjá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń wọlé bíi sójà. Nọ́ọ̀sì tó ní ìwé RN, ìyẹn ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, lè bá àwọn tí wọ́n ń pè ní tradesmen wọlé, àwọn tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé. Láti ibẹ̀ ó di kọ́púrà, sájẹ́ǹtì, títí dé wọ́ráǹtì ọ́físà. Iṣẹ́ iyì ni. Mo mọ̀ pé àwọn sájẹ́ǹtì ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ológun dúró, àwọn dókítà ọ̀dọ́ tó bá ń sòótọ́ á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mo máa sọ tẹnu mi: bí o bá ti ní BNSc tàbí o kù díẹ̀ kí o gbà á, má ṣe gba Zaria lọ nítorí pé ìpolówó ti Zaria ló kọ́kọ́ jáde. Ìkánjú ọdún kan lè ná ẹ ní ipò ogún ọdún. Ọjọ́ orí ní gbèdéke lẹ́nu ọ̀nà ọ́físà; ẹni tó bá wọlé bíi sójà lè béèrè láti kọjá sí ìhà kejì lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹnu ọ̀nà náà wà, ṣùgbọ́n tóóró ni, ọ̀gá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ rárá lè kọ́ ọ lábẹ́ ológun. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà ní ọsibítù ológun Yaba, èyí tí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ń jẹ́ 68 Nigerian Army Reference Hospital. Ọmọ ogun ojú omi náà ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ọ̀fà. Ọmọ aráàlú ń wọ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, pé ó sì kàwé níbẹ̀ kò sọ ọ́ di ológun. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí, wọ́n a máa sá fún un nítorí ìbọn tó wà lẹ́nu géètì.

Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kóun lè fi orúkọ ọmọ yín síbẹ̀, oníjìbìtì ni, ì báà wọ kákí wá bá yín nílé.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni wọ́n á pín kálukú. Ó lè jẹ́ Yaba, ó lè jẹ́ ọsibítù 44 ní Kàdúná, ó lè jẹ́ ọsibítù 2 Division n'Ìbàdàn, nínú ọgbà Adékúnlé Fájuyì ní Odogbo, ó sì lè jẹ́ Máídúgùrì. Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu ni pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ọta ìbọn. Ìyàwó sójà tó lóyún ni, ọmọ sójà tí ibà dá wó ni, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì láti 1990 tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra ni, àti ìyá tó ń tajà ní mámìmákẹ́ẹ̀tì tí ìfúnpá rẹ̀ kò yé ga. Aráàlú náà ń wá gba ìtọ́jú. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ kì í ṣe aláìníṣẹ́ ní báráàkì láé. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé ìdílé ẹni tó wà lójú ogun ni nọ́ọ̀sì yẹn ń ṣọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ogun wà. Láti 2009 tí ọ̀rọ̀ Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ológun ò lè sọ pé kò ní kan òun. Ẹ fojú inú wo àgọ́ ìtọ́jú kan ní ìhà ìlà oòrùn àríwá. Ọkọ̀ ti gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀; wọ́n gbé èèyàn mẹ́sàn-án dé lẹ́ẹ̀kan náà; nọ́ọ̀sì méjì ló wà nílẹ̀. Ẹni tó ń pariwo jù kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ bá. Ẹni tó lè pariwo, èémí ń wọlé, èémí ń jáde nímú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Káàdì pupa ni wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ẹni tó máa kú láìpẹ́ bí wọn kò bá dá sí i, tó sì lè yè bí wọ́n bá dá sí i. Yẹ́lò ni ti ẹni tó lè dúró díẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ jókòó sí igun kan. Dúdú ni ti ẹni tó ti kú, tàbí ẹni tí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ní ìṣẹ́jú yẹn kò lè gbà là. Kí èèyàn fi káàdì dúdú kọ́ ẹni tó ṣì ń mí, kó sì yí ẹ̀yìn sí i lọ bá ẹlòmíràn, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè kọ́ ọkàn ní ìyẹn tán.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró, kó tó kan ọ̀rọ̀ èémí pàápàá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde láti itan lè tán ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Okùn fífẹ̀ kan wà tó ní ọ̀pá kékeré lára, tourniquet ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé e sókè ojú ọgbẹ́ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn ò ní í gbé e lé orí oríkèé, wọ́n á máa yí ọ̀pá náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ó máa ń dun aláìsàn dójú ikú. Á máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fóun. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣàánú tó dẹ̀ ẹ́ lè fi àánú yẹn pa á. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ aago tí wọ́n so ó sí iwájú orí rẹ̀ tàbí sára káàdì, nítorí bó bá ti ju wákàtí méjì lọ, ẹran ara ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tó máa gbà á ní ọsibítù Máídúgùrì, tí kò sí níbi tí wọ́n ti so ó, aago yẹn ló máa fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà ṣì ń padà bọ̀.

Nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ méjì tí mo sọ ti máa ń kọlu ara. Ká ní mejọ̀ kan wà láàárín àwọn mẹ́sàn-án, egungun apá rẹ̀ ṣẹ́. Ká ní ọmọ ogun kékeré kan náà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya nítan rẹ̀. Ta ló kàn? Àdéhùn Geneva ti 1949, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, ti dáhùn: bí àìsàn bá ṣe le sí nìkan ni a fi ń mọ ẹni tó kàn. Ipò kò sí níbẹ̀, ẹ̀yà kò sí níbẹ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀tá tí wọ́n mú ló ń ṣẹ̀jẹ̀ jù lọ, òun ló kàn. Àdéhùn kan náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dojú ìjà kọ nọ́ọ̀sì tó fi àmì àgbélébùú pupa sápá òsì, ó sì gbà kó ní ìbọn kékeré lọ́wọ́ láti fi gba ara rẹ̀ àti àwọn aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe láti fi lọ bá wọn jagun. Pé àwọn tí à ń bá jà kò ka àdéhùn kankan sí kò tú wa sílẹ̀ nínú tiwa.

Ó rọrùn lórí ìwé. Lójú iṣẹ́, ọ̀gá tí apá ń dùn lè máa jágbe mọ́ lẹ́fútẹ́náǹtì ọmọ ọdún 27. Ọ̀gá míì lè fẹ́ kí sójà tí ibà ṣì ń ṣe padà sójú iṣẹ́ lọ́la nítorí pé èèyàn kù díẹ̀ káàtó. Nọ́ọ̀sì ò lè bú u, kò sì lè yájú sí i; òfin ológun wà fún ìyẹn. Àwọn àgbà wa ló ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n á kí ọ̀gá dáadáa, á na ara le, á ní, “Ẹ má bínú sà, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí rèé, ohun tí mo kọ sínú fáìlì rèé, dókítà ló lè yọ̀ǹda rẹ̀.” Fáìlì yẹn ni ààbò rẹ̀. Ohun tí a kọ, tí a fi aago sí, tí a sì fọwọ́ sí, èjìká kankan kò wúwo tó láti pa á rẹ́. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé pé kó kọ́ ìwé kíkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa kó tó kọ́ ìbọn.

Àbá mìíràn: má ṣe wọlé kí o sì jókòó sórí ìwé tí o mú wá. Ìgbéga ọ́físà ní ìdánwò tirẹ̀, láti lẹ́fútẹ́náǹtì sí kápútéènì àti láti kápútéènì sí mejọ̀, ọ̀rọ̀ ogun ló sì kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì fi ọdún mẹ́wàá lépa ìyẹn, ìmọ̀ ìtọ́jú wọn sì dúró síbi tó wà. Ìtọ́jú inú tíátà, ìtọ́jú pàjáwìrì, egungun, ojú, kíndìnrín: ẹ̀kọ́ àfikún wà fún gbogbo wọn, iṣẹ́ ológun sì nílò wọn. Èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, tí àwọn èèyàn sì ń sá fún jù, ni ìtọ́jú ọpọlọ.

Ọmọ Yorùbá ni Aderonke Kale. Dókítà ọpọlọ ni, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí n má dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ Adeoye Lambo, ẹni tó sọ Aró l'Ábẹ́òkúta di ibi tí gbogbo ayé mọ̀, ló fa ọkàn rẹ̀ sí ìtọ́jú ọpọlọ. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1972, ó di olórí gbogbo ẹ̀ka ìlera ọmọ ogun orí ilẹ̀, nígbà tó sì di 1994 ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó gba ipò ọ̀gágun Major General. Obìnrin tó gun òkè tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlera ológun wa, ìmọ̀ ọpọlọ ló gbé e dé ibẹ̀. Síbẹ̀, sójà tó bá ti ojú ogun dé tí kò rí oorun sùn, tó ń fò sókè bí ilẹ̀kùn bá dún, ṣì ń fi ọtí pa á mọ́ra, nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè é ní wèrè. Nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ó lè wá nítorí orí fífọ́, ó lè wá nítorí inú rírun, nọ́ọ̀sì tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Aró ló máa mọ ìbéèrè kejì tó yẹ kó bi í. Ta ló wá ń bi nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ẹni tó fi káàdì dúdú kọ́rùn èèyàn lóṣù tó kọjá? Ó yẹ kí wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ ètò tó wà nílẹ̀, kì í ṣe oore.

Ọ̀rọ̀ ìdílé ò gba àlàyé púpọ̀: ìgbésókè-gbésódò wà, ọkọ lè wà l'Ékòó kí ìyàwó wà ní Sókótó, àwọn ọmọ á sì máa pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ́ mọ̀ ṣáájú. Èyí tó yẹ kí n tẹnu mọ́ ni pé iṣẹ́ ológun kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń já sílẹ̀ lóru. Nọ́ọ̀sì ọsibítù ìjọba tí físà rẹ̀ bá jáde lè kọ lẹ́tà kó máa lọ. Ẹni tó wọ kákí tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn ìsálọ ló máa jẹ́, ilé ẹjọ́ ológun ló máa dá a. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti wà ní Heathrow, kó má lọ gba nọ́ńbà ológun.

Àwọn tó ti rékọjá òkun náà ń bá ọ̀nà yìí pàdé lọ́hùn-ún. Láti 2018 ni iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth láìní kí ó kọ́kọ́ gbé níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ológun wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aráàlú nígbà tí kò bá sí ogun, kí ọwọ́ wọn má bàa kú, èyí sì jẹ́ ohun tó yẹ ká kọ́ lára wọn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà kan, ìwé àṣẹ ò ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bí awọ ara rẹ̀ bá dúdú. Ní 1941, nọ́ọ̀sì dúdú 56 péré ni iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ wọn kọ́kọ́ gbà, bẹ́ẹ̀ àìmọye ló ní ìwé àṣẹ. Mabel Staupers, tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì dúdú, bá wọn fà á títí di 1945 tí wọ́n fi gbé ìdènà náà kúrò. Hazel Johnson, tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ti kọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1955, ó sì di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1979, pẹ̀lú ipò jẹ́nẹ́rà, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Àwọn ọmọ wa tó ń wọ kákí Amẹ́ríkà ní Texas àti Maryland lónìí, ẹnu ọ̀nà tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ṣí ni wọ́n gbà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn. Amẹ́ríkà ní ètò kan, AECP, tó ń mú sójà tó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì ọ́físà, á rán an lọ sí yunifásítì títí dé oṣù 24, á sì máa san owó oṣù rẹ̀ lọ ní gbogbo àkókò náà. Bó bá gba oyè, ó di lẹ́fútẹ́náǹtì. Nílé níbí, sájẹ́ǹtì tó ní RN, tó ti ṣe iṣẹ́ òru fún ọdún mẹ́wàá ní Yaba tàbí Kàdúná, tó sì ti lọ tọ́jú ọgbẹ́ ní Máídúgùrì, lè fi owó ara rẹ̀ ka BNSc ní National Open University láàárín iṣẹ́. Nígbà tó bá parí, gbèdéke ọjọ́ orí lè ti kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n á wá mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ wá ṣe ọ̀gá rẹ̀, sájẹ́ǹtì yẹn ló sì máa kọ́ ọ̀gá náà bí a ṣe ń yí ọ̀pá tourniquet.

Iléeṣẹ́ ètò ààbò ò nílò owó kankan láti tún èyí ṣe. Nínú ìkéde DSSC tó ń bọ̀, kí wọ́n yọ gbèdéke ọjọ́ orí kúrò fún nọ́ọ̀sì tó ti wà nínú iṣẹ́ tó sì ti gba BNSc, kí wọ́n ka ọdún tó ti lò ní wọ́ọ̀dù mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń yan ipò fún un, kí wọ́n sì fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí gbogbo ọsibítù ológun, kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru náà lè rí i kà.